Backup tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí kì í ṣiṣẹ́ lóru: ẹ kọ́kọ́ wo Z: yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní job robocopy (àṣẹ Windows tó ń kó fáìlì láti ibì kan lọ sí ibòmíì) tí ẹ fi /SAVE tọ́jú ń ṣe dáadáa tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe é, àmọ́ tí Task Scheduler (ohun tó ń bá Windows ṣiṣẹ́ lásìkò tẹ́ ẹ dá fún un) bá gbé e lóru, kì í kó nǹkan kan látinú fódà sáfà. Ẹ má tíì format kọ̀ǹpútà kankan o. Ẹ fi Notepad ṣí fáìlì .RCJ tí /SAVE ṣe yẹn, kẹ́ ẹ wo iwájú /SD: (ibi tó ti ń kó fáìlì), ó dá mi lójú pé Z: tàbí Y:, lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ń pe fódà sáfà, lẹ máa bá níbẹ̀.

Z: kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, ti ẹni tó lọgíìn tó map ẹ̀ (tó so ó mọ́ fódà sáfà) ni. Tí task bá ń rìn nígbà tẹ́nì kankan ò lọgíìn, tàbí tó ń rìn lórúkọ SYSTEM (user ti Windows fúnra ẹ̀), kò sí Z: kankan lójú ẹ̀, á kàn kú, ẹ ó sì rí 0x10 nínú Last Run Result ní Task Scheduler. Kódà ẹ̀yin fúnra yín, ẹ fi Run as administrator ṣí Command Prompt kẹ́ ẹ wò ó, Z: lè pòórá. Ọ́fíìsì àwọn akáùńtáǹtì kan n'Íbàdàn ni mo ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀gá wọn ṣáà ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n pààrọ̀ switch, owó ń lọ, Z: ṣì jókòó sínú fáìlì yẹn.

Ẹ pa Z: rẹ́ nínú fáìlì .RCJ yẹn, ẹ kọ àdírẹ́sì fódà náà ní kíkún dípò ẹ̀, bíi \\SAFA\Iwe\Akaunti (orúkọ sáfà ló ṣáájú). Nínú task náà, ẹ kọ ibi tí job wà délẹ̀, /JOB:C:\Backup\akaunti, torí System32 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá a tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ lásán. Tẹ́ ẹ ò bá ní domain (sáfà kan tó ń tọ́jú user gbogbo kọ̀ǹpútà pọ̀), ẹ ṣẹ̀dá user kan tí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ bára mu lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ẹ fún un láṣẹ nínú Sharing àti nínú Security, méjèèjì o, kẹ́ ẹ wá fi task sórúkọ ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́nì kan bá yí pásíwọ́ọ̀dù yẹn láì sọ fún yín, wàhálà tún dé nìyẹn.

Àwọn tó ṣì wà lórí XP tó ń lo NTBackup, fáìlì .bks yín (èyí tó ń tọ́jú orúkọ fódà tó máa kó) náà ṣeé fi Notepad tún ṣe, ṣùgbọ́n Unicode ni kẹ́ ẹ fi save ẹ̀.

Ẹ tún wo /R (iye ìgbà tó máa tún gbìyànjú) àti /W (bó ṣe máa dúró tó) nínú job robocopy yín. Bí robocopy ṣe wá ni pé á tún gbìyànjú fáìlì tó bá há ní ìgbà 1,000,000, á sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín, gbogbo ẹ̀ ló sì ń kọ sínú job tó save. PST Outlook (fáìlì tí email wà) kan tẹ́nì kan gbàgbé ní ṣíṣí ti tó, ilẹ̀ á mọ́ bá task yín lórí Running. Ẹ sọ ọ́ di /R:2 /W:5.

Tẹ́ ẹ bá wá rí 0x1 tàbí 0x3 nínú Last Run Result, ẹ má bẹ̀rù, ó ti kó o nìyẹn, láti 8 lọ sókè ni ìjà wà. Tó bá jẹ́ pé /MIR (tó ń nu ohun tí kò sí níbi tó ti ń kó) lẹ lò, ẹ fi /L (tó kàn ń fi ohun tó máa ṣe hàn) dán an wò ṣáájú, torí fódà tẹ́ ẹ bá ṣì kọ lè mú kó nu gbogbo backup àtijọ́ yín dànù.

Ṣé sáfà yẹn tiẹ̀ máa ń wà ní títàn lóru ṣá? Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń pa inverter nígbà tí wọ́n bá ń lọ ilé, ẹ gbé task sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi /LOG+: (tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì) sí i, tí kò bá tíì lọ, ẹ jẹ́ kí n rí ìlà tí ERROR wà nínú ẹ̀.