Ṣé òdòdó ilẹ̀ yìnyín ni mo rí lórí òkè Rocky?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Calgary ní Kánádà ni mò ń gbé. Nígbà tí a gun òkè nítòsí Lake Louise lóṣù Keje, mo ya fọ́tò òdòdó funfun kékeré kan tó dorí kodò bí agogo. Áàpù fóònù mi ní Cassiope tetragona ni, ṣùgbọ́n mo kà á pé ìhà àríwá ayé pátápátá ni ìyẹn ń hù. Orúkọ wo ni kí n kọ sábẹ́ fọ́tò náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kọ́kọ́ fẹ fọ́tò náà lójú, kí ẹ wo ẹ̀yìn ewé. Cassiope funfun méjì ló wà lágbègbè yẹn, wọ́n sì jọra débi pé èmi tí mo ń fi ewéko ṣiṣẹ́ ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí n tó dá wọn mọ̀. Ewé méjèèjì rí bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n tò ní ìlà mẹ́rin mọ́ ọ̀pá wọn. Ṣùgbọ́n ti tetragona ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ẹ̀yìn ewé, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná fa ìlà sára amọ̀ tútù. Bí kò bá sí kòtò, Cassiope mertensiana lẹ rí.

Bí kòtò bá wà, áàpù yín ò purọ́, orúkọ náà ni kò tíì pé. Ẹ̀ka méjì (subspecies, tí a ń ké kúrú sí subsp.) ni irú yìí ní. Èyí tí ẹ kà nípa rẹ̀ ni subsp. tetragona: ó wà ní Alaska, àríwá Kánádà, Greenland, Svalbard, àríwá Norway títí dé Siberia. Àwọn Inuit Greenland máa ń fi dáná, nítorí oje ara rẹ̀ ń jẹ́ kó jó kódà bó bá ṣì tutù, tí kò gbẹ. Ìkejì ni subsp. saximontana, ará òkè Rocky gan-an, láti Alberta àti British Columbia dé Montana. Òdòdó tirẹ̀ kéré jù, ọ̀pá tó gbé òdòdó náà dúró sì kúrú.

John Kunkel Small, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, ka saximontana sí irú ọ̀tọ̀, A. E. Porsild, onímọ̀ ewéko bíi tirẹ̀, ló wá sọ ọ́ di ẹ̀ka. Ti Porsild ni mo fara mọ́, torí ìtóbi nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí kòtò náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: Cassiope tetragona subsp. saximontana, kí ẹ fi ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ náà kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a: òfin ọgbà ìjọba ibẹ̀ kò gbà á, ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ ló sì ń fi gùn lọ́dún.