Ta ló ń kọrin nínú àwo yìí?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàbá wa àgbà kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un, wọ́n sì kó àwo orin jáàsì 23 bọ̀ wálé ní Ìbàdàn. Àwọn àwo dúdú wíwúwo tó máa ń fọ́ bí àwo oúnjẹ wọ̀nyẹn ni. Èmi ni wọ́n fi jogún. Orúkọ olórí ẹgbẹ́ wà lára lébẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n lára púpọ̀ nínú wọn, orúkọ ẹni tó kọrin kò sí, “with vocal refrain” ni wọ́n kàn kọ. Ọmọ mi gbé fóònù sí ọ̀kan kó lè bá wa dá ohùn náà mọ̀. Olórí ẹgbẹ́ náà ló kọ́kọ́ dárúkọ, nígbà tó ṣe ó ní Billie Holiday ni. Ọ̀kan tún wà tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti họ tán pátápátá. Obìnrin ló kọrin níbẹ̀, bí orin sì ṣe fẹ́ parí ó sọ ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ kan tó dún bíi “That's all” létí mi. Báwo lẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń mọ ẹni tó ni ohùn?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ogún o, màmá. Ẹ jẹ́ ká fi ti Billie Holiday sílẹ̀ ná. Látìgbà tí mo ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwo orin àtijọ́, kò sí obìnrin tó fi ohùn tín-ín-rín kọrin jáàsì tí wọn ò tíì pè ní Billie Holiday fún mi. Fóònù ọmọ yín ò mọ ohùn ẹnikẹ́ni. Ìró inú àwo ló ń fi wé èyí tí wọ́n ti kó pamọ́ fún un. Tó bá rí èyí tó bá a mu, ohun tí ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀ ló máa kà síta. Bí onítọ̀hún bá ṣì í kọ, fóònù á ṣì í kà.

Etí ló ń wu gbogbo wa láti fi bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, etí la máa ń pè kẹ́yìn. Nọ́ńbà àti ìwé ló ń ṣáájú.

Ìdí tí orúkọ fi sọnù kò ṣòro. Ní nǹkan bí 1925 sí 1935, ijó ni ilé iṣẹ́ àwo ń tà, ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ á máa lu orin lọ, ẹnì kan á dìde láàárín, á kọ ègbè kan ṣoṣo, á sì padà lọ jókòó. Owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń gbà. Àwa náà ṣáà mọ̀ ọ́n: mélòó nínú àwọn elégbè inú àwo jùjú àtijọ́ lẹ ti rí orúkọ wọn rí?

Ìdí kejì ni ìwé àdéhùn, òun gan-an ló sì ń dá wa láàmú jù. Ní oṣù kọkànlá 1936, Benny Goodman, olórí ẹgbẹ́ kan, pe Ella Fitzgerald, ọmọ ọdún 19 tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ Chick Webb, pé kó wá bá òun kọ orin mẹ́ta fún ilé iṣẹ́ àwo Victor. Decca ló ní ìwé Ella lọ́wọ́. Nígbà tí Decca gbọ́, wọ́n fárígá. Victor kó àwo náà kúrò lọ́jà, Goodman sì tún “Goodnight, My Love” gbà sílẹ̀, Frances Hunt ló kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Orin kan náà, ẹgbẹ́ kan náà, ọ̀fun méjì. Ẹni tó bá ka orúkọ orin nìkan ti ṣìnà. Billie Holiday gan-an kọ “Trav'lin' Light” pẹ̀lú Paul Whiteman fún Capitol ní 1942, “Lady Day” ni wọ́n kọ sára àwo, torí ilé iṣẹ́ mìíràn ló ní in. Ní 1926, tí Louis Armstrong, afunkàkàkí tó tún ń kọrin, ṣì wà lábẹ́ OKeh, ó lọ bá Lil ìyàwó rẹ̀ kọ “Georgia Bo-Bo” fún Vocalion, wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní Lill's Hot Shots. Ìyẹn ni mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ohùn tó ń lọ̀ bí ọlọ àgbàdo, ta ni wọ́n fẹ́ fi pa mọ́ fún?

Ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn àwo náà lọ sójú fèrèsé báyìí, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa yọ̀ lórí rẹ̀. Láàárín ibi tí ìlà orin parí sí àti etí lébẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ dúdú dídán kan wà. Ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fín síbẹ̀, nígbà mìíràn fífín ọwọ́ lásán, wúruwùru bí ẹni kọ̀wé nínú ọkọ̀. Ó tún lè wà lábẹ́ bébà lébẹ́ẹ̀lì, kó yọ sókè díẹ̀ tí ìka fi lè mọ̀ ọ́n lára. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára lébẹ́ẹ̀lì ni ti ọjà, òun ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ti ara àwo yìí ni ti ìgbohùnsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mátíríìsì là ń pè é. Orúkọ àbísọ ohùn yẹn ni: ìlú yòówù tí wọ́n bá gbé orin náà lọ tà, orúkọ ẹgbẹ́ yòówù tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn, òun kì í sábà yí. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà kékeré tàbí lẹ́tà kan lẹ́yìn rẹ̀, 2 àbí B, ìyẹn ń sọ èwo nínú ìgbà tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n mú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwo Victor ti Amẹ́ríkà sábà máa ń fi mátíríìsì pamọ́ láyé ìgbà yẹn. Nọ́ńbà ọjà lẹ ó fi wá tiwọn.

Ohun tó mú kí nọ́ńbà yìí níye lórí ni pé wọ́n máa ń ta ohùn kan ṣoṣo lábẹ́ aṣọ púpọ̀. Àwo Oriole ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù McCrory ní Amẹ́ríkà, Romeo ní ti Kress, olówó pọ́ọ́kú ni méjèèjì. Orin kan náà lè wà lára àwo mẹ́rin pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ọ̀kan péré nínú wọn dárúkọ akọrin. Bí mátíríìsì bá bára mu, ọ̀kan yẹn ti jẹ́rìí fún mẹ́ta tó kù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, HMV ló ń ta orin Victor, Parlophone ń ta ti OKeh. N kò rí àwo yín, ṣùgbọ́n bí bàbá bá rà wọ́n níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á wà níbẹ̀ dájú.

Ẹ má sì rò pé èyí tí wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ẹ̀dà lásán. Ní oṣù kẹwàá 1929, Mildred Bailey kọ “What Kind o' Man Is You” pẹ̀lú ẹgbẹ́ Eddie Lang. Àwo àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò dárúkọ rẹ̀, Bírítéènì nìkan ni wọ́n sì ti tà á. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ní Mọ́kọ́lá.

Tí nọ́ńbà bá ti wà lọ́wọ́, ibi méjì ni mo máa ń lọ. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni Discography of American Historical Recordings, tí Yunifásítì California ní Santa Barbara ń tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ mátíríìsì tàbí nọ́ńbà ọjà sínú rẹ̀, á gbé ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ àti ìlú tó ti ṣẹlẹ̀ jáde, nígbà mìíràn gbogbo ẹni tó wà ní sítúdíò pẹ̀lú. Inú ìwé tí ilé iṣẹ́ bíi Victor ń kọ lójoojúmọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, kì í ṣe àbá ẹnì kan. Èkejì ni ìwé Brian Rust, Jazz Records, tó kó àwo 1897 sí 1942 jọ. Ẹ máa wo lẹ́tà “v” kékeré lẹ́yìn orúkọ orin níbẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni ìkékúrú orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Orúkọ tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì pàápàá lè pa irọ́. Alberta Hunter wà lábẹ́ Paramount ní 1924 nígbà tó kọrin fún Gennett, “Josephine Beatty” ni wọ́n kọ. Nígbà tí Harmograph ń ta orin tó kọ fún Paramount, “May Alix” ni wọ́n pè é. Kí ọ̀rọ̀ náà lè bàjẹ́ dáadáa, May Alix wà láyé, akọrin gidi ni, òun ló bá Armstrong kọ “Big Butter and Egg Man” ní oṣù kọkànlá 1926. Ẹni tó bá fi ohùn May Alix ti 1926 wé “May Alix” ti Harmograph á lo odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí ohun tí ìwé á sọ fún un ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọkùnrin tí sítúdíò ń háyà náà wà, bíi Scrappy Lambert, tó tún ń jẹ́ Gordon Wallace, tó tún ń jẹ́ Burt Lorin. Bó ṣe ń wọlé ló ń pààrọ̀ orúkọ.

Ó wá ku etí. Kí ẹ tó lò ó, ẹ yẹ eré àwo wò, ìyẹn bó ṣe ń yára yí sí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ orúkọ obìnrin kan sórí káàdì àwo kan, ọkàn mi balẹ̀, mo tiẹ̀ bá ọ̀gá mi jiyàn lé e lórí. Ọkùnrin ni. Ẹ̀rọ wa ló ń sáré jù, ó ti fa ohùn ọkùnrin náà sókè di ti obìnrin. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣe é: nígbà tí Bing Crosby àti Al Rinker ṣe àwo wọn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Don Clark ní Los Angeles, oṣù kẹwàá 1926, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní eré tó lọ́ra jù. Bẹ́ ẹ bá wá fi eré 78, ìyẹn yíyí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, gbé e, ohùn wọn á ga bíi ti ọmọdé. Ta ni yóò ti ibẹ̀ mọ Crosby?

Bí kíbọ́ọ̀dù bá wà nílé, ó rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn afunfèrè ìgbà náà fẹ́ràn kí orin wà lórí B-flat, E-flat, F tàbí A-flat, ibẹ̀ ló rọ fèrè lọ́rùn. Ẹ wá ilé orin náà, ohùn tó máa ń padà sí, lórí kíbọ́ọ̀dù. Tó bá bọ́ sáàárín bọ́tìnnì méjì, tí kò sí ní ìhín tí kò sí ní ọ̀hún, eré àwo ò tọ́. Ẹ máa dín in tàbí kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi jókòó síbì kan.

Nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá gbọ́. Ẹ má tẹ̀ lé dídùn ohùn, gbogbo wọn ló dùn. Ẹ ṣọ́ ẹnu: bó ṣe ń pe “r”, ibi tó ti ń mí, bóyá ó ń ṣíwájú ìlù tàbí ó ń wọ́ tẹ̀ lé e, bó ṣe ń fi gbólóhùn sílẹ̀ ní ìparí ìlà. Àwo tí wọ́n dárúkọ akọrin sí, tí ọdún wọn kò jìnnà síra, ni kí ẹ fi wé e. Ohùn Billie Holiday ní 1935 àti ohùn rẹ̀ ní 1958, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní èèyàn méjì ni.

Ẹ tún ka fèrè. Ní ayé ìgbà yẹn, wọn kì í gba ohùn lọ́tọ̀ kí wọ́n tó gba ìlù lọ́tọ̀. Gbogbo wọn jọ wà nínú yàrá lẹ́ẹ̀kan náà ni. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá ní kàkàkí kan ṣoṣo, tí kàkàkí yẹn sì ń dún lábẹ́ ohùn, ẹni tó ń fun ún kọ́ ló ń kọrin. Bó bá dákẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, tí kò sì padà títí ohùn fi parí, ẹ fura sí i. Nínú “Heebie Jeebies” ti 1926, bí ẹ bá ti gbọ́ ẹnu Armstrong, ẹ ò ní gbọ́ fèrè rẹ̀. Ọ̀nà yìí ti bá mi yọ ọ̀pọ̀ “akọrin tí a kò mọ̀” tó jẹ́ pé onífèrè inú ẹgbẹ́ ni.

Ní ti àwo yín tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ họ: aṣọ rírọ̀ àti omi díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí omi má kan bébà tó bá ṣẹ́ kù níbi tí lébẹ́ẹ̀lì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sípíríìtì kàn án, ṣẹ́láàkì tí wọ́n fi ṣe é máa ń yọ́ nínú ọtí. Abẹ́rẹ́ àwo òde òní náà kò yẹ é, ó tín-ín-rín jù fún ìlà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún 78 ni kí ẹ béèrè. Bẹ́ ẹ bá ń kọ nǹkan sára àpò àwo, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ya ohun tí ẹ kà lára àwo sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ rò.

“That's all” yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú èmi náà fò sókè lórí àga. Annette Hanshaw ló máa ń sọ ọ́ ní ìparí orin rẹ̀, kódà nínú àwọn àwo tí wọ́n ti pè é ní Gay Ellis tàbí Patsy Young. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e sójú fèrèsé, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lẹ́bàá lébẹ́ẹ̀lì tó họ yẹn ránṣẹ́ sí mi, ojú àwo méjèèjì.