Kí orúkọ wà nínú ìwé kò ní kí ó jẹ́ òun: sí ẹni tó bèèrè nípa lọ́yà Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní London lẹ wà, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní lọ́yà sì fẹ́ kí ẹ fowó ránṣẹ́ kí òun lè bá yín ṣe ìwádìí ilẹ̀ Ìkòròdú ní Alausa, níbi tí ìjọba Èkó ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Ẹ bèèrè bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá lọ́yà ni lóòótọ́. Ẹ gba nọ́ńbà SCN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ fi forúkọ lọ́yà sílẹ̀, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ, kí ẹ sì wo òǹtẹ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, lára ìwé tó bá kọ. Ìyẹn ò le.

Èyí tó le ni pé gbogbo rẹ̀ lè pé kó sì jẹ́ irọ́. Ẹni tó lu ìyá wa ní jìbìtì, orúkọ tó ń jẹ́ wà nínú ìwé yẹn. Orúkọ lọ́yà mìíràn ló jí, onítọ̀hún ò sì mọ̀ rárá! Ó ní ọ́fíìsì, ó ní akọ̀wé, aṣọ dúdú ló máa ń wọ̀. Ó gbowó ìwádìí, ó gbowó àdéhùn, ó tún gbowó ìwé àṣẹ gómìnà. Owó tí Màmá fi aṣọ títà kó jọ ní Gbági ni. Ọjọ́ tí àwọn tó ni ilẹ̀ gan-an wá wó ìpìlẹ̀ ilé yẹn, lọ́yà èké yẹn ṣì ń sọ fún Màmá lórí fóònù pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun wà ní kóòtù. Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú Màmá.

Àwọn ọlọ́pàá gbowó epo lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó lọ mú un. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, síbẹ̀ owó ló fi jáde. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú májísíréètì, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ò yọjú, ó tún di pé kò yọjú, wọ́n bá da ẹjọ́ nù. Ẹnì kan nínú àwọn ọlọ́pàá yẹn tiẹ̀ ní ká lọ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn lọ́yà wí. Ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, kí ni ìgbìmọ̀ yẹn fẹ́ fi í ṣe? Ẹ̀sùn ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin àwọn agbẹjọ́rò ti 1975, iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ni! Nígbà tí a máa gbọ́, ó ti ṣí ọ́fíìsì sí Ṣàgámù, ó ń jẹ́ orúkọ lọ́yà mìíràn.

Wọn kì í jáwọ́, kì í sì í ṣe lọ́yà nìkan. Ní 2015 ni àṣírí tú pé ọkùnrin kan ti fi sátífíkéètì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe dókítà fún ọdún 9 ní iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀. Ìjọba tó yẹ kó dá irú wọn mọ̀ ló ń sanwó oṣù fún un! Àwọn sọ̀fíọ̀ ayédèrú, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, náà pọ̀ nílẹ̀ Èkó, ẹ má gba pláànì ilẹ̀ tí ẹ ò tíì yẹ̀ wò lọ́dọ̀ Surveyor-General, ọ̀gá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba.

Nítorí náà, ẹ̀ka NBA tí lọ́yà yẹn wà ni kí ẹ pè fúnra yín. Ẹ má lo nọ́ńbà tí òun bá fún yín. Ẹ ní kí wọ́n so yín mọ́ ẹni tó ni orúkọ náà, kí ẹ rí ojú rẹ̀ lórí fídíò, kí ẹ bi í bóyá òun ló ń bá yín ṣiṣẹ́. Títí ẹ ó fi rí i, ẹ má san kọ́bọ̀. Tí ẹ bá sì ti san nǹkan kan, ẹ sọ fún báńkì yín lónìí.