Ìgbín Inú Ilé àti Òjò Ìta: Ìbéèrè Yín àti Èsì Wa

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Chingford ní Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, gba ìgbín ńlá kan lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ wọ ìsinmi, láti ìgbà náà ni kò sì ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹran ọbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Sátidé la máa ń rìn nínú igbó Epping, òjò kì í sì í dá wa dúró. Ọmọ náà ń bẹ̀ mí pé kí a máa gbé ìgbín rẹ̀ dání bí òjò bá ń rọ̀, kí ó lè rìn lórí koríko tútù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbín yìí yé ẹyin bẹẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ó dá wà ni. Aládùúgbò mi kan ní kí n lọ da ẹyin náà sínú igbó. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá ọlọ́mọ kan, Chingford

Èsì

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú ìgbín. Ẹ má ṣe gbé ìgbín náà lọ sínú igbó, ẹ má sì ṣe da ẹyin rẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò burú: ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé omi ni ayọ̀ ìgbín. Òjò ni kí ẹ gbé wá bá ìgbín nínú ilé. Ìgbín kọ́ ni kí ẹ gbé lọ bá òjò.

Òjò tí ara irú ìgbín yìí mọ̀, òjò ilẹ̀ gbígbóná ni. Irú èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sìn nílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lissachatina fulica, Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni orísun rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ìgbín igbó tiwa, Archachatina marginata, tí ẹyin rẹ̀ máa ń tóbi ṣùgbọ́n tí kì í pọ̀. Ìwọ̀n ooru tí ó bá ìgbín yín lára mu wà láàárín dígírì 21 sí 26 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, nígbà tí òjò oṣù Kọkànlá ní Epping kì í sábà ju dígírì 10 lọ. Bí ẹ bá gbé e lé koríko tútù náà, kò ní rìn rárá. Yóò ká ara rẹ̀ wọ inú ìkarahun ni, ọmọ yóò sì rò pé ó ń bínú. Ilẹ̀ ìta tún lè ní oògùn apakòkòrò àti aràn tí àwọn ìgbín ibẹ̀ ń gbé kiri.

Ní ti ẹyin, òfin wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Òfin ẹranko ìgbẹ́ àti ilẹ̀ igbó tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1981 ka dídá ẹranko tí kì í ṣe ti ilẹ̀ náà sílẹ̀ sínú igbó sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo mọ̀ pé aládùúgbò yín kò ní èrò ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìtàn ti fi hàn wá ohun tí irú inú rere bẹ́ẹ̀ máa ń bí. Ní ọdún 1966, ọmọdékùnrin kan mú ìgbín mẹ́ta péré láti Hawaii wá sí Miami ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ àgbà sì dá wọn sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Kí ọdún méje tó pé, wọ́n ti ń ka ìgbín tó lé ní 18,000 ní àdúgbò náà, ó sì di ọdún 1975 kí ìjọba tó lè kéde pé wọ́n ti run wọ́n tán. Wọ́n tún yọjú ní Miami ní ọdún 2011, ó sì gba ọdún mẹ́wàá mìíràn kí wọ́n tó kápá wọn. Ìgbín yìí ń jẹ oríṣi ewéko tó ju 500 lọ, ó sì lè máa fi ẹnu ha ògiri ilé nítorí ẹfun tí ìkarahun rẹ̀ nílò. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà kò fi gba ẹnikẹ́ni láyè láti sìn ín nílé láìgba àṣẹ. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹbí yín tó wà lọ́hùn-ún kí wọ́n má ṣe di òòyẹ̀ ìgbín sínú ẹrù ọkọ̀ òfurufú.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Nígbà tí ìgbín ńlá yìí di ìyọnu ní Hawaii, wọ́n lọ kó ìgbín mìíràn tí ń jẹ ìgbín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní ọdún 1955, pé kí ó bá wọn pa á jẹ. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Tahiti àti àwọn erékùṣù tó yí i ká, bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ìgbín apanijẹ náà fi àwọn ńlá sílẹ̀, ó dojú kọ àwọn kéékèèké tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ìran wọn rẹ́ pátápátá. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Partula, inú ọgbà ẹranko ni wọ́n ti gba ẹ̀mí wọn là, ti Lọ́ńdọ̀nù sì wà lára àwọn ọgbà náà. Wọ́n ti ń dá wọn padà sí erékùṣù wọn báyìí. Ẹ mú ọmọ yín lọ wò wọ́n níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọn kò tóbi ju èékánná lọ, ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn yóò lóye ohun tí mo ń sọ.

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ìgbín tó dá wà yé ẹyin. Akọ àti abo wà nínú ara ìgbín kan ṣoṣo, ó sì lè ti bá òmíràn pàdé nílé ẹ̀kọ́, kí ó sì tọ́jú àtọ̀ náà sínú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó lè yé ju 100 ẹyin lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa yẹ ilẹ̀ inú ilé rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ẹyin, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú fìríísà fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó dà á nù. Ó lè ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹyin tuntun kò tíì di ìgbín. Kò sí bí ẹ ṣe lè tọ́ ọgọ́rùn-ún ìgbín yanjú nínú ilé kan, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a bí wọn sáyé láti wá jìyà.

Bí ẹ ṣe máa gbé òjò wá bá a kò ṣòro. Ẹ fi ike ńlá tó ní ihò afẹ́fẹ́ àti ìdérí tó le ṣe ilé fún un. Ẹ tẹ́ èèpo àgbọn lílọ̀ sínú rẹ̀ kí ó jìn tó láti ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ́n ọn láràárọ̀ àti lálẹ́ kí ó tutù láìkún fún omi. Ẹ fún un ní ewé létúsì, kùkúńbà àti ọ̀dùnkún tí ẹ ti fọ̀ dáadáa. Egungun funfun tí wọ́n ń tà fún ẹyẹ inú àgò kò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀ láé, nítorí òun ni ìkarahun fi ń le. Iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù tí a fi ń fọ ìgbín ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ dé itòsí rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ gbé e, kí ó fi omi rẹ ọwọ́, kí ó rọra ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀ láti iwájú. Kí ó má ṣe fi ìkarahun fà á tu, nítorí ẹran tó so mọ́ etí ìkarahun lè ya. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Irú ìgbín yìí lè pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ti mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹ bá rìnrìn àjò.

Ní ti ìrìn òjò yín, ẹ má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ wọ ẹ̀wù òjò àti bàtà tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ mú dígí tí ń mú nǹkan tóbi dání, kí ọmọ wá àwọn ìgbín Epping fúnra wọn, títí kan àwọn tí kò ní ìkarahun, lábẹ́ igi tó ti wó. Igi tí ẹ bá ṣí, ẹ rọra dá a padà bí ẹ ṣe bá a. Ẹ má sì kó ìgbín kankan wálé. Irú ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Helix pomatia wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òfin ti dáàbò bò láti ọdún 2008. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá ń jà tàbí tí àrá ń sán, ẹ jókòó sílé, nítorí pé ẹ̀ka igi ńláńlá máa ń já lulẹ̀ nínú igbó yẹn.

Ìbéèrè

Olóòtú wa, ọmọkùnrin mi rí ìgbín kékeré kan lójú ọ̀nà oko wa nítòsí Òndó lẹ́yìn òjò, ó sì kọ̀ kí a sè é. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta nínú apẹ̀rẹ̀. Ṣé àwa náà kò gbọdọ̀ dá a sílẹ̀?
Bàbá kan, Òndó

Èsì

Bàbá, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, nítorí ọmọ onílẹ̀ ni ìgbín yín. Ẹ lè dá a padà, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kékeré ni, igbó tí irú rẹ̀ ń gbé sì ń dín kù. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ fún un ní ewé ìbẹ́pẹ tàbí ewé kókò, kí ẹ sì gbé apẹ̀rẹ̀ náà kọ́ kí ìjàlọ má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọmọ ti rí i gan-an ni kí ẹ gbé e padà sí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sábẹ́ ewé tó ti rọ̀, kí ẹ sì bá a dúró títí ìgbín náà yóò fi yọ ìwo rẹ̀ jáde.