Ṣé àwọn ẹyẹ tó ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹlòmíì ń rí àwọ̀ bíi tiwa?

Rárá o, tiwọn ju tiwa lọ. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì 3 ló ń mú àwọ̀ nínú ojú èèyàn. Ti ẹyẹ jẹ́ 4, ìkẹrin yẹn sì lè mú ultraviolet, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò ká. Ẹ̀kán òróró aláwọ̀ tún wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí àwọ̀ méjì tó jọra má baà dàrú mọ́ra.

Àmọ́ ojú ẹyẹ tó ni ìtẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Cuckoo, ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ tó ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹlòmíì, á gbé ẹyin kan kúrò, á yé tirẹ̀ síbẹ̀, á sì fò lọ láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí onítẹ̀ẹ́ bá dé, tí àwọ̀ kan kò bá tiẹ̀ mu, ó lè ju ẹyin náà síta. Prinia, ẹyẹ kékeré kan ní Zambia, tilẹ̀ gbọ́n sí i: ẹyin ti ọ̀kan lè pupa, ti èkejì búlúù, ti ẹ̀kẹta funfun, nítorí náà ẹyin cuckoo finch, ẹyẹ tó ń yé sínú ìtẹ́ rẹ̀, kì í sábà bá a mu.

Dunnock, ẹyẹ kékeré mìíràn tí cuckoo ń yé sínú ìtẹ́ rẹ̀, ní tirẹ̀ ń yé ẹyin búlúù, síbẹ̀ á sàba lé ẹyin cuckoo tó ní tótòtó. Má sì fi fọ́tò lásán wé ẹyin: kámẹ́rà tí à ń lò kì í ya ultraviolet.