Neutrophil ọmọ mi kéré: ṣé kó pa oògùn ìfun tì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà wa. Ọmọ mi ọkùnrin ní egbò inú ìfun ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní ulcerative colitis. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń lo azathioprine (oògùn tó ń dẹ agbára àjẹsára ara sílẹ̀) 100 mg lójúmọ́, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n nínú FBC (àyẹ̀wò iye ẹ̀jẹ̀) tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, WBC (ẹ̀jẹ̀ funfun) jẹ́ 3.4, neutrophil (irú ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àìsàn jà) 44%, MCV (bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó) sì gòkè láti 84 sí 95. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ní kó pa oògùn náà tì. Kí la máa ṣe? Ìyá kan, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mọ́mì. Ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún 3.4 ni ẹ máa ṣírò: neutrophil rẹ̀ jẹ́ 1.5. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ló ń pe iye tó bá wà lábẹ́ 2.0 ní kékeré. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwa èèyàn ìhà ibí ni neutrophil wa kéré láti inú ìyá wa wá, láìsí àìsàn kankan, torí pé àmì Duffy kò sí lára ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Nítorí náà, ẹ wá ìwé FBC tó ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bó bá jẹ́ 1.7 nígbà náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá jẹ́ 4.0, oògùn ti ń tẹ mùdùnmúdùn eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, mọ́lẹ̀, dókítà ní láti dín in kù tàbí kó dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ kó ìwé méjèèjì lọ bá dókítà tó kọ oògùn náà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe ní ilé àyẹ̀wò kan náà. Kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì nínú ìgò ń ba iye jẹ́. Bí neutrophil bá wálẹ̀ sábẹ́ 1.0, kó dáwọ́ oògùn dúró lọ́jọ́ náà, kó sì rí dókítà.

MCV tó gòkè kò dẹ́rù bà wá. Azathioprine ló ń mú un gòkè, ó tiẹ̀ fi hàn pé ó ń lò ó dáadáa. Bí PCV (ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ẹ̀jẹ̀) bá ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ló yẹ ká wádìí.

FBC àti àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ máa ṣe pọ̀: ọ̀sẹ̀ 2, 4, 8 àti 12, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi kún oògùn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 2.

Ohun tó ń kó wa láyà sókè jù ni ibà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná ju 38°C lọ, tàbí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, ẹ má kàn ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́mísì. FBC àti àyẹ̀wò ibà lọ́jọ́ kan náà ni. Allopurinol (oògùn gout) léwu gan-an pẹ̀lú azathioprine: bí dókítà bá fẹ́ kó lo méjèèjì, ó ní láti gé azathioprine kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Septrin náà lè dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú sì jẹ́ èyí tí kòkòrò rẹ̀ wà láàyè, kó má gbà á.

ÌBÉÈRÈ: CRP mi (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìwúlé inú ara hàn) jẹ́ 4. Ṣé egbò ìfun mi ti jinná nìyẹn? Òǹkàwé kan, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Kò dájú. Nínú ulcerative colitis, CRP lè wà dáadáa nígbà tí egbò ṣì wà. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí ń jẹ́ calprotectin ló ń sọ ti ìfun jù: bí ara yín bá balẹ̀ tó sì wà lábẹ́ 150, ọkàn balẹ̀. Ibuprofen lè mú un gòkè, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lò ó.