Èérún irin nínú òkúta tó yọ́: wo etí rẹ̀ kí o tó ka nọ́ńbà

Ìwọ tó béèrè bóyá èérún tó ń dán nínú òkúta tó yọ́ tí o là jẹ́ ìyókù ohun tó já láti òfurufú, tó sì yọ́ òkúta náà, ọ̀ràn yìí ló jẹ mí níyà jù nínú iṣẹ́ yìí. Ayùn rẹ ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ayùn, ẹ̀rọ ìfọ́kúta, ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀, gbogbo wọn ló ń já irin sínú ihò àti ibi tó sán lára òkúta. Krómíọ̀mù tó pọ̀ pẹ̀lú níkẹ́lì? Irin tí kì í dípẹtà ni, irinṣẹ́ ló fi síbẹ̀. Tungsten pẹ̀lú kóbáltì? Ẹnu ìlulẹ̀ ni. Gé díẹ̀ lára ayùn náà, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú èérún rẹ lórí ẹ̀rọ kan náà.

Kóbáltì gan-an máa ń tanni jẹ. Nínú ìtànṣán X tí ẹ̀rọ fi ń dá èròjà mọ̀, ìlà kejì ti irin, ní 7.06 keV (ìwọ̀n agbára ìtànṣán), fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ti kóbáltì, 6.93 keV, lórí. Ẹ̀rọ á kọ kóbáltì fún ọ níbi tí kò sí nǹkan kan.

Etí èérún ló ń sọ òtítọ́ jù. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó sábà máa ń rí roboto, gíláàsì, ìyẹn òkúta yíyọ́ tó tutù, á yí i ká láìsí àlàfo, torí ìkán irin tó ń ṣàn ni nígbà tí òkúta yọ́. Irú rẹ̀ wà nínú gíláàsì Wabar ní Saudi Arabia àti ti kòtò Meteor Crater ní Arizona.

Níkẹ́lì ló wá ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Irin òfurufú Canyon Diablo, tó gbẹ́ kòtò Arizona ní nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn, ní níkẹ́lì tó tó ìdá 7 nínú 100. Níkẹ́lì inú ìkán irin tó wà nínú gíláàsì ibẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Irin ló máa ń tètè bá ọ́síjìn lọ sínú òkúta yíyọ́. Níkẹ́lì kì í yá bẹ́ẹ̀, òun ló ń ṣẹ́kù. Má fi níkẹ́lì nìkan sọ irú ohun tó já.

Má sì retí òdidi ohun tó já náà. Níbi kòtò ńlá, agbára ìjábọ́ náà sábà máa ń yọ́ ohun tó gbẹ́ ẹ, tàbí kó sọ ọ́ di èéfín. Ìdí nìyẹn tí òkúta òfurufú bí 25 sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n rí nínú kòtò Morokweng, South Africa, fi jẹ́ ohun ìyanu.

Tí o bá fẹ́ mú kí ojú òkúta náà dán, má fi omi ṣe é. Ọtí tí kò lómi nínú ni kí o lò, torí èérún wọ̀nyí ń yára dípẹtà.